Àpótí Mẹ́rin: Èdè Ilé àti Gẹ̀ẹ́sì Láàárín Àwa Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti àwọn àgbà sọ ní Peckham lọ́sàn-án Sátidé kan nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi tipátipá gbà kúrò nídìí fóònù wá síbí, ẹ kú ìfaradà.

Ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní ìlú yìí. Àárín ẹni tó ń sọ Yorùbá àti ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń jókòó sí, ní ọsibítù, ní kóòtù, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń pín ilé ìjọba. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èdè tí à ń sọ nílé àti bí a ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Mo fura pé ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n rọ̀ yín kí ẹ máa bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá. Mi ò ní rọ̀ yín. Ẹ ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ ṣàmín, ẹ padà délé, ẹ sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yín lọ. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni mo bá wá, torí ìdí fọ́ọ̀mù ni mo ti ń jẹun.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n ka iye èèyàn tó wà ní England àti Wales. Ìgbà yẹn ni fọ́ọ̀mù ìkànìyàn kọ́kọ́ bi àwọn ará England léèrè èdè tí wọ́n ń sọ. Ìbéèrè méjì ni. Èkíní: kí ni èdè rẹ gbòógì? Bí èèyàn bá ti máàkì Gẹ̀ẹ́sì, ó parí, kó máa bá ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá kọ èdè mìíràn ni wọ́n bi ní èkejì: báwo lo ṣe lè sọ Gẹ̀ẹ́sì tó? Àpótí kékeré mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀: dáadáa gan-an, dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, rárá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 2021, tí Kòrónà ṣì há gbogbo wa mọ́lé, wọ́n tún bi wá bákan náà.

Ohun tí wọ́n rí ní 2021 nìyí. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, bí 91 ló máàkì Gẹ̀ẹ́sì, tàbí èdè Welsh fún àwọn tó ń gbé Wales. Mílíọ̀nù 5.1 ló kọ èdè mìíràn. Polish ló ṣáájú pẹ̀lú 612,000, Romanian tẹ̀lé e pẹ̀lú 472,000. Nínú mílíọ̀nù 5.1 yẹn, mílíọ̀nù 4.1 ló ní àwọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tàbí dáadáa gan-an. Àwọn tó ní àwọn ò gbọ́ ọ rárá jẹ́ 161,000. Láàárín ìkànìyàn méjèèjì, àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé níbí kúrò ní nǹkan bí 191,000, wọ́n di nǹkan bí 270,000. Ẹ bi mí pé àwọn Yorùbá tó wà nínú wọn dà nínú ọ̀rọ̀ èdè yìí. Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀.

Bàbá kan pè mí lórí fóònù ní 2021 pé kí n ran òun lọ́wọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà. Ó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Mo bi í pé, "Bàbá, èdè wo lẹ máa ń sọ jù?" Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni. Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì?" Mo wò ó pé bóyá mi ò tú u dáadáa. Mo yí i padà, mo ní, "Èdè wo gan-an ni èdè yín?" Ohùn bàbá yí padà. "Ìjẹ̀ṣà ni mí," ó ní. "Ìjẹ̀ṣà ni mò ń sọ." Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Ìjẹ̀ṣà. Fọ́ọ̀mù ò sì gbà ju ẹyọ kan lọ. Bàbá rò ó títí, ó ní kí n máàkì Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n má baà rò pé òun ò kàwé.

Bó ṣe di ẹni tí fọ́ọ̀mù kà mọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń fi Yorùbá gbàdúrà láago márùn-ún ìdájí lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ ń fi Ìjẹ̀ṣà bú rédíò, àmọ́ lójú ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè bàbá. Wọn ò tiẹ̀ bi í ní ìbéèrè kejì. Ẹ mélòó nínú yín ló ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ má nawọ́ o, mo ti mọ̀.

Ní Scotland, ní 2011 yẹn náà, ìbéèrè tiwọn yàtọ̀. Èdè tí èèyàn ń lò nílé ni wọ́n béèrè. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè yí nǹkan padà. Tí bàbá yìí bá jẹ́ ará Glasgow ni, Yorùbá ìbá wọ inú ìwé. Amẹ́ríkà náà ilé ni wọ́n ń bi. Láti 1980 ni wọ́n ti ń béèrè é bí wọ́n ṣe ń béèrè é dòní: ṣé ẹni yìí ń sọ èdè tó yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nílé, èdè wo ni, báwo ló sì ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó? Ní 1980, àwọn tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ mílíọ̀nù 23; ní 2019 wọ́n ti sún mọ́ mílíọ̀nù 68. Èmi fara mọ́ ìbéèrè tiwọn ju tibí lọ. Ó jẹ́ kéèyàn lè ní èdè méjì láìsọ pé ọ̀kan nínú wọn ni olúwa rẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ibi tó ti dùn mí. Àpótí mẹ́rin kan náà ni Amẹ́ríkà ń lò: dáadáa gan-an, dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, rárá. Ní England, ẹni tó bá máàkì "dáadáa" ti yege, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, "dáadáa" kò tó. Ẹni tí kò bá ti máàkì "dáadáa gan-an", wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò pé. Ìyá kan náà, ẹnu kan náà, àmì kan náà: ní Peckham ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Houston kò gbọ́ ọ. Ọkọ̀ òfuurufú nìkan ló wọ̀.

Ta ló sì ń fúnra rẹ̀ ní máàkì? Olúwa rẹ̀ ni, tàbí ẹni tó ń bá gbogbo ilé kọ fọ́ọ̀mù. Mo mọ ìyá kan tó kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́rìnlélógún nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tó kan òun láti dáhùn, ó ní kí wọ́n máàkì "dáadáa", pé "dáadáa gan-an" ti Ọbabìnrin ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí màmá máa ń tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, máàkì "dáadáa gan-an" fún ara rẹ̀, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ẹni tí wọ́n tọ́ kó má yin ara rẹ̀, fọ́ọ̀mù á kà á sí òpè. Mi ò rí iye tí wọ́n máa ń fi ṣe àtúnṣe fún ìtìjú Yorùbá nínú ìṣirò wọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tún ní tábìlì kan tí wọ́n máa ń tẹ èdè sí. Ìlà tí Yorùbá wà níbẹ̀, àwa àti Twi àti Igbo àti "àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yòókù" la jọ fún ara wa mọ́ ọn, bí èrò inú mólùé. Òfin ìdìbò tí wọ́n tún ṣe ní 1975, tó ní kí wọ́n tẹ ìwé ìdìbò ní èdè àwọn kan, èdè Áfíríkà kankan ò sí nínú rẹ̀. Ní 2000, Ààrẹ Clinton pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣètò fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó. Ní oṣù kẹta 2025, Ààrẹ Trump fagi lé e, ó sì kéde Gẹ̀ẹ́sì ní èdè ìjọba. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àpótí kékeré wọ̀nyí kì í ṣe eré. Ọ̀dọ̀ wọn ni owó ògbufọ̀ ti ń wá, àti ti olùkọ́, àti ti bébà tí wọ́n ń tẹ̀. Níbí náà, ọmọ lè ṣe ìdánwò GCSE, èyí tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa ń ṣe, ní Polish, ní Urdu, ní Panjabi, ní èdè Tọ́kì. Kò sí ti Yorùbá. Èdè tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú fọ́ọ̀mù, ta ni yóò ṣètò ìdánwò fún un?

Kí ló dé tí a kì í kọ ọ́? Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì ti pẹ́ lára wa. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ nílé, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì á gbé pátákó kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ ọ́, kó tó lè gbé e fún un. Mo gbé pátákó yẹn fún odidi ọjọ́ kan nítorí mo ní "yéè" nígbà tí agbọ́n ta mí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà gbé tiyín. Ẹni tó gbé pátákó lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tó wá dé London lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ṣé òun lẹ fẹ́ kó fi ìgboyà kọ Yorùbá síwájú ìjọba?

Bẹ́ẹ̀ ilé wa náà ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, tó sì hàn kedere. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú kíláàsì kan ní ilé ìwé St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló sì ń kọ́ wọn. Kíláàsì kejì tí wọ́n fi wé e ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà náà lọ. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìjọba Nàìjíríà náà yí síwá, ó yí sẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ náà: ní 2022 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní wọ́n ti fagi lé e. Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Èmi ò gbà. Fífi Yorùbá kọ́ ọmọ láìsí ìwé àti olùkọ́ tó tó, yàtọ̀ gedegbe sí ohun tí Fafunwa ṣe.

Ní ìlú yìí gan-an, ẹ̀rù náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dé ní àwọn ọdún 1960, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ Karíbíánì lọ sí ilé ìwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò pé, apá kan nítorí bí Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe ń dún létí olùkọ́. Ẹ sì rántí àwọn ọmọ wa tí a gbé fún òyìnbó tọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn òbí wọn, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, onílé ò sì fẹ́ ọmọ. Wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, ìdílé kan ní Kent tàbí Sussex á gba ọmọ náà, wọ́n á máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù márùn-ún. Ó ti pé ọmọ ọdún méje kí wọ́n tó jọ padà sí Ìbàdàn. Ìyá bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó ń kì í. Ọmọ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni obìnrin yẹn ń pariwo sí òun sí. Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà dán bí awò. Fọ́ọ̀mù kankan kò ní àpótí tí wọn ìbá fi kọ ohun tó sọnù lọ́jọ́ yẹn.

Ilé ìwé ìsinsìnyí ní fọ́ọ̀mù tiwọn. Ọmọ tí wọ́n mọ̀, tàbí tí wọ́n rò, pé ó ń gbọ́ èdè mìíràn nílé, wọ́n á kọ ọ́ sọ́tọ̀. Nínú ọmọ márùn-ún ní England, ọ̀kan wà nínú ìwé yẹn. Láti 2016 sí 2018 wọ́n tún ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà, láti A fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé E fún ẹni tó dá múṣémúṣé nínú rẹ̀. Ìgbà kan náà ni wọ́n ń béèrè ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ṣe gbóná, torí ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé ọ̀rọ̀ náà á dé etí àwọn aṣọ́bodè. Wọ́n pa méjèèjì tì. Ó dùn mí pé wọ́n pa lẹ́tà náà tì, torí ó wúlò fún olùkọ́. Ìbéèrè ìlú abínibí ni kò yẹ kó bá a rìn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé. Ẹ ti ṣàkíyèsí pé àwa Yorùbá kì í sábà sọ pé èèyàn lè sọ èdè. A máa ń ní ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ Faransé. Kò gbọ́ Haúsá. Etí la fi ṣáájú, a gbà pé ẹnu á tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù òyìnbó, ẹnu ló ń béèrè. Àwọn ọmọ wa ló wá fi hàn wá pé etí àti ẹnu lè kọ ara wọn sílẹ̀: wọ́n ń gbọ́, wọn ò lè sọ. Mo máa ń fetí sílẹ̀ sí Yorùbá tí à ń sọ fún wọn, torí iṣẹ́ mi ti bà mí jẹ́, mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kí n má wò ó. Wá. Lọ. Jẹun. Dákẹ́. Ṣé o ti wẹ̀? Ta ló fọ́ ọ? Mà á gbá ọ létí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọ̀rẹ́ tó já ọmọ kulẹ̀, ti bọ́ọ̀lù, ti ẹni tó kú lórí tẹlifíṣọ̀n, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdébìnrin kan ní Thamesmead sọ fún mi pé Yorùbá ni èdè tí màmá òun fi ń bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wojú ara yín, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀ jù ni ọsibítù. Wọ́n pè mí fún màmá kan tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ìgbà kejì tó máa wá nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a túmọ̀, ọmọ dáadáa, tó ń kàwé ní yunifásítì. Mo jókòó, màmá bẹ̀rẹ̀: "Àyà mi ń já. Bí mo bá ti gun àtẹ̀gùn, á kàn máa já, pà, pà, pà." Mo sọ fún dókítà pé ọkàn màmá ń lù kíkankíkan, pàápàá bó bá gun àtẹ̀gùn. Dókítà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wò mí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rù ń ba màmá nínú ilé. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣètò pé kí ẹnì kan lọ wádìí ẹni tó ń dẹ́rù bà á.

Ọmọ yẹn ò purọ́. "Àyà mi ń já" tó mọ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ ni, bí lẹ́tà ìjọba bá dé. Tí ẹ bá fún un ní fọ́ọ̀mù, "dáadáa gan-an" ni yóò máàkì, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ohun tó ṣe màmá ní ìpalára ni Yorùbá tó kù díẹ̀ káàtó, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ rí. Gẹ̀ẹ́sì wa ni gbogbo ìjọba ń wọ̀n, èyí tí kò dùn wá. Yorùbá tó ń jò bí agbè tó lu, òṣùwọ̀n rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ikú àti ìyè, òun là ń wá.

Ìkànìyàn mìíràn ń bọ̀ ní 2031. Ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù fún gbogbo ilé, kó pe olúkúlùkù, kó bi í, kó kọ ohun tó bá sọ. Ẹ má ṣe bá àwọn àgbà dáhùn lẹ́yìn wọn.

Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí tí wọ́n fi ní kí àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè. Màmá kan tó jókòó níwájú, tó ti ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ jẹ́jẹ́ látàárọ̀, ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó ní òun ti ń gbé nítòsí Rye Lane fún ọdún méjìlélógún. Ó ní òun ò lè bá dókítà sọ̀rọ̀, òun ò lè ka lẹ́tà, tẹlifíṣọ̀n ń yára jù fún òun. "Àmọ́ kò sí ẹni tó lè rẹ́ mi jẹ nídìí ẹja," ó ní. "Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ló ń ta á, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń ná an, títí yóò fi já a wálẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o kà yẹn, èwo ni tèmi?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo kà wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mi orí sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.